Èlé Ń Lé Ilé

Iṣẹ́ mi ni kí n díye lé ilé.
Mo ní okùn ìwọ̀n, mo ní tọ́ọ̀ṣì,
mo ní ìwé tí mo ti fa ìlà sí.
Ní Dunedin, níbi tí òpópónà ti ń gun òkè bí ewúrẹ́,
kò síbi tí mo dé tí wọn kì í bi mí:
"Ṣé èrè ṣì wà nínú ilé?"
Wọ́n bi mí lọ́dọ̀ onígbàjámọ̀, wọ́n bi mí níbi ìsìnkú.
Mo máa ń rẹ́rìn-ín. Mo máa ń bu omi mu.
Ẹ má sọ fún wọn pé ayálégbé ni mí.

Oṣù keje ni, ìgbà ọ̀gìnnìtìn lọ́hùn-ún,
atẹ́gùn ń ti òkun gúúsù bọ̀, ó mú yìnyín dání,
nígbà tí Ngaire Tulloch pè mí sí ilé onípákó kan lórí òkè.
Nọ́ọ̀sì tó ti fẹ̀yìn tì ni. Òun àti Lachie, olóògbé,
ló rà á lọ́dún tí ilé kù sọ́jà bí ẹja àná.
Wọn ò gbé ibẹ̀ rí.
Wọ́n rà á kó lè máa bọ́ wọn lọ́jọ́ alẹ́.

Mo wọn yàrá. Mo tan tọ́ọ̀ṣì sí àjà.
Páànù òrùlé ti dípẹtà,
igun yàrá ọmọdé ti bu, ó dúdú bí ìdí ìkòkò.
Tavita, ayálégbé, dúró lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú ọmọ léjìká,
ọmọ náà ń wúkọ́, ikọ́ gbígbẹ,
bí ẹni ń fi igi ha páànù.
Tavita ò sọ nǹkan kan.
Kí lèèyàn ń sọ fún ẹni tó wá díye lé òrùlé orí rẹ̀?

Ní gbàgede ni Ngaire ti bi mí: "Ṣé kí n tà á?"
Mo bá ń ṣírò fún un bí wọ́n ṣe kọ́ mi.
Owó ilé ọ̀sẹ̀ kan, ẹgbẹ̀ta dọ́là.
Ẹ yọ owó orí ìlú, ẹ yọ ti adójútòfò tó ń ga lọ́dọọdún,
ẹ yọ ti páànù tí ẹ kò tíì rà,
ẹ yọ èlé owó tí ẹ tún yá lé e nígbà àìsàn Lachie.
Ilé lẹ rà, èlé lẹ̀ ń san.
Èlé ń lé ilé lórí òkè yìí,
ilé ò sì lẹ́sẹ̀ tí yóò fi sá.
Ohun tó kù, báńkì á fún yín jù bẹ́ẹ̀ lọ
láìjẹ́ pé ẹ pààrọ̀ gílóòbù kan.

"Ilẹ̀ rẹ̀ ńkọ́?"
Òótọ́ ni, ilé ń gbó, ilẹ̀ kì í gbó.
Ilẹ̀ ló ń gbówó lórí. Ilé dà bí bàtà,
ọjọ́ tí a ti wọ̀ ọ́ jáde ló ti ń kú lọ.

Ó dákẹ́ títí.
"Ọdún mọ́kàndínlógún ni mo ti ń ti ara ilé yìí mu tíì,
mi ò jókòó síbẹ̀ rí lálẹ́."

Alẹ́ ọjọ́ náà ló padà lọ.
Losa, ìyàwó Tavita, fún un ní aṣọ ìbora,
ó jókòó ní pálọ̀ láti aago mẹ́fà di mẹ́sàn-án,
ó ń wo èémí ara rẹ̀ bí èéfín kẹ́tùlù.

Ilẹ̀ mọ́, ó pè mí.
"Mi ò tíì tà á. Ẹ bá mi wá ẹni tó lè fi irun àgùntàn dí àjà."
Mo ní, Màmá, ìyẹn ò ní fi kọ́bọ̀ kún iye rẹ̀.
Nínú ìwé mi, kò sí ìlà fún ìmóoru.
"Ẹ fa ọ̀kan," ló wí, ó sì gbé fóònù sílẹ̀.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, Tavita pè.
Ṣé kí òun máa tọ́jú owó, kí òun ra tòun,
àbí kí òun gbàgbé?
Mo wo fèrèsé mi tí omi ń sàn lára rẹ̀,
mo wo lẹ́tà onílé mi lábẹ́ ife, ó ti fowó kún owó.
Gbogbo iye ló wà lórí mi. Èsì ni mi ò rí.
Mo béèrè ikọ́ ọmọ.
Ó ní, "Ó ti ń sùn di òru díẹ̀."