Ilé Kẹta ní Ṣàgámù

Àkọ́kọ́, ní Mákùn: ògiri dán, kànga gbẹ.
Bàbá onílé béèrè ọkọ mi
kó tó béèrè orúkọ mi.

Èkejì, lẹ́bàá ọ̀nà márosẹ̀.
Tírélà ń kọjá, fèrèsé ń gbọ̀n bí eyín ẹni òtútù mú.
Ọnàfowókàn ajẹ́ńtì lọgun: "Á mọ́ yín lára!"
Mi ò gbọ́. Mo ní kó tún un wí.

Ilẹ̀ ti ń ṣú ká tó dé Ajákà.
Yàrá kan, páànù rẹ̀ ti dípẹtà.
Mo ju korobá sínú kànga, mo ka okùn:
apá mẹ́sàn-án, omi.
Ìyá kan ń bẹ ẹ̀gẹ́ lẹ́yìnkùlé,
kò gbójú sókè,
ó kàn fẹsẹ̀ ti àpótí kan sí mi.

Ajẹ́ńtì ń ka owó àsansílẹ̀ lọ ràì;
ọ̀bẹ kejì ti wà lọ́wọ́ mi.