Ta Ló Kọ́kọ́ Tọ́ Ọ Wò?

Oṣù Ẹrẹ́nà ni. Ní Bose, ní ìhà Kẹ̀bẹ́ẹ̀kì,
yìnyín ṣì ga dé orúnkún àgbà,
oòrùn sì ń yọ́ ọ díẹ̀díẹ̀.
Onésime Veilleux gbé ìlu lé igi mépù láyà,
ó lu ihò kan tí kò ju ìka àbíkẹ́yìn mi lọ,
ó ki ẹnu irin bọ̀ ọ́, ó gbé korobá kọ́ ọ.
Kán. Kán. Ó tún kán.
Mo ní, háà, iṣẹ́ ilé wa mà nìyí.

Ọmọ adẹ́mu ni mí, láti Ifẹ̀tẹ̀dó.
Mo mọ bí igbà ṣe ń ké lára ọ̀pẹ
kí àkùkọ tó kọ lẹ́ẹ̀kejì.
Mo mọ kòkòrò oyin tó kú sínú ìfófòó,
tí bàbá mi ń fi ètè fẹ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan kó tó mu.
Ṣùgbọ́n igi yìí, a kò gùn ún.
Ilẹ̀ la dúró sí, tàwa ti bàtà rọ́bà,
bí ẹni tó wá gba owó oṣù lọ́wọ́ igi.

Eleuterio, ará Kólímà ní Mẹ́síkò,
ní igi àgbọn ni àwọn ń dá nílùú tiwọn,
wọ́n ń gbé e kiri nínú akèrègbè,
wọ́n ń da ẹ̀pà sí i, wọ́n ń gé èso sí i wẹ́wẹ́.
Mo ní, ẹ̀pà kẹ̀? Nínú ẹmu?
Ó ní, ìwọ ò tíì jayé rí.

Omi mépù tutù, ó mọ́ gaara.
Adùn rẹ̀ dà bí ìgbà tí èèyàn ti gbé ṣúgà mì,
tó wá kù fìrí lórí ahọ́n.
Mo bu ìgò kan pamọ́ sẹ́yìn ààrò ńlá
níbi tí wọ́n ti ń se ogójì korobá
kó tó di ẹyọ kan ṣoṣo.
Mo ń retí ìfófòó. Mo ń retí kó kan.
Ní ọjọ́ kẹrin, ó ń fà bí ọbẹ̀ ilá,
ó ń rùn bí ìbọ̀sẹ̀ Eleuterio.
Òru ni mo dà á nù, kí ẹnikẹ́ni má baà rí mi.

Lálẹ́ Sátidé, bàbá arúgbó gbé karibú jáde:
wáìnì pupa, ọtí líle, oyin igi lórí wọn,
nínú ife irin tí etí rẹ̀ ti wọ́.
Èmi àlejò ló kọ́kọ́ nà án sí.
Mo fi ọwọ́ méjèèjì gbà á.
Mo dì í mú. N kò mu.
Ilé dákẹ́. Igi iná kan fọ́ nínú ààrò.
Nílé wa, olọ́tí ló ń kọ́kọ́ mu,
kí ikú tó bá wà níbẹ̀ mọ ilé ẹni tí yóò yà sí.
Faransé mi kò tó gbé ọ̀rọ̀ yẹn.
Mo na ife padà sí i, mo fọwọ́ kan àyà.
Ó wò mí. Ojú rẹ̀ le bí yìnyín orí òrùlé.
Eleuterio sọ nǹkan kan; títí dòní n kò mọ ohun tó sọ.
Arúgbó gba ife, ó mu ún dé ìdajì,
ó fi apá ẹ̀wù nu etí rẹ̀, ó wá gbé e fún mi.
Láti ọjọ́ náà, ìbáà ṣe kọfí,
kì í gbé nǹkan fún mi láì tọ́ ọ wò.

Mo pe bàbá mi lórí fóònù.
Ẹsẹ̀ rẹ̀ tó kán lọ́dún tí igbà já
kò jẹ́ kó dé ìdí ọ̀pẹ mọ́.
Mo ròyìn igi, mo ròyìn korobá.
Ó ní, "Ẹ gùn ún?"
A kò gùn ún.
"Ó kan?"
Kò kan.
"Ó ń pa yín?"
Rárá, Baba.
Ó mí kanlẹ̀. "Omi lẹ̀ ń dá níbẹ̀ yẹn o."
Mo rẹ́rìn-ín. Òun dákẹ́ díẹ̀,
mo ń gbọ́ igbe ewúrẹ́ lẹ́yìn rẹ̀.
Ó wá rẹ ohùn sílẹ̀:
"Ọkùnrin tó ni igi yẹn, tó bá gbé ọtí fún ọ,
ta ló ń kọ́kọ́ tọ́ ọ wò?"
Mo ní, "Òun ni."
"Hẹn-ẹ́n," ó ní. "Sọ fún un pé mo kí i."