Ọwọ́ Mi Wà Lórí Ìdérí Ẹ̀rọ

Mo ń ṣe ẹ̀dà ìwé ní Aiyétòrò, l'Ẹ́pẹ́:
ṣọ́ọ̀bù onípákó, jẹnẹrétọ̀ kan, ẹ̀rọ kan tó ń wúkọ́.
Òórùn ẹja yíyan máa ń ṣáájú oníbàárà wọlé.

Múlíkátù dé lọ́sàn-án Ọjọ́rú,
ẹ̀rín lẹ́nu bí ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ lórúkọ.
"Bọ̀dá Sàmíù, iṣẹ́ ti dé!
Ilé-iṣẹ́ kan ní Lẹ́kì. Wọ́n ní kí n fi gbogbo rẹ̀ ránṣẹ́
kó tó di aago méjìlá ọ̀la."

Mo gba fóònù, mo kà á.
NIN rẹ̀. BVN rẹ̀.
Iwájú káàdì báńkì, ẹ̀yìn káàdì báńkì.
Orúkọ tí ìyá rẹ̀ ń jẹ́ kó tó wọlé ọkọ.
Èyí ló ká mi lára jù:
àlejò tí a kò tíì bu omi fún,
ó ti ń bèèrè ibi tí a ri ìwọ́ mọ́.

Ọwọ́ mi wà lórí ìdérí ẹ̀rọ, mi ò ṣí i.
"Ojú ta lo rí níbẹ̀?"
"Mi ò tíì rí ẹnìkankan. Ẹ bá mi ya á jàre."

Mi ò sọ tèmi fún un:
bí mo ṣe kó nọ́ńbà mi sílẹ̀ níjọ́sí
nítorí iṣẹ́ dírẹ́bà tí kò ní mọ́tò nínú;
bí ẹni tí mi ò rí rí ṣe forúkọ mi yáwó,
tí àwọn asinwó ń pe bàbá ìyàwó mi lóru:
"Olè ni Sàmíù, ẹ bá wa mú un."
Títí dòní, ó ń wò mí bí ẹja ọjọ́ mẹ́ta.

Ó ní, "Ẹja tó bá ń yẹ ìdẹ wò ṣáá, ebi ni yóò pa á."
Òótọ́ ni. Ọdún kẹrin rèé tó ti ń wáṣẹ́.

Mo ya ìwé-ẹ̀rí rẹ̀ nìkan,
mo fi bébà pélébé bo nọ́ńbà,
mo kọ ọ́ gbọọrọ kọjá lójú rẹ̀: *Fún iṣẹ́ yìí nìkan*, àti déètì.
"Ìyókù, ó di ọjọ́ tó o bá fọwọ́ kan ògiri ọ́fíìsì wọn."
Kò dúpẹ́. Ó já fáìlì gbà.

Lọ́jọ́ kejì, aago méjìlá kọjá.
Ó ti Pópó Ọba bọ̀,
ó ń wo fóònù bí ẹni ń wo ìkòkò tí kò hó.
Ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì mi.
Ó pẹ́ kó tó ní, "Wọ́n ti búlọ́ọ̀kì mi."

Jẹnẹrétọ̀ kú.
Ó dìde, ó bá mi fà á.