Ìgbìmọ̀ Omi

Wọ́n ní, ta ló máa ṣe ìgbìmọ̀ omi?
Gbogbo wa ń wo bàtà. Èmi wo tèmi pẹ́.
Ọyádọkùn onífáìlì ló na ìka kan,
bí ẹni ń dá ọkọ̀ dúró.

Kò sówó níbẹ̀. Bísíkíìtì mẹ́ta, omi ọ̀rá kan,
ìpàdé aago méjì tí alága dé ní mẹ́ta.
Ó kọ gbogbo rẹ̀ sínú ìwé,
títí kan àwáwí alága.

Lọ́dún kejì, nínú oòrùn Ògbómọ̀ṣọ́,
omi yọ lẹ́nu ẹ̀rọ lábẹ́ igi máńgòrò.
Akẹ́kọ̀ọ́ kan bọ́jú, ó kọjá lára rẹ̀, kò kí i.
Ọyádọkùn yà,
ó lọ ti ẹnu ẹ̀rọ tó ṣí sílẹ̀.

Aago méjì kọjá.
Alága ò tíì dé.