Ẹ̀gbẹ́ Òsì

Aago kan òru ti kọjá ní Ẹ̀fọ̀n,
òtútù ti sọ̀ kalẹ̀ láti orí òkè,
ó gba abẹ́ ilẹ̀kùn wọlé bí ajá tó mọ ilé.
Gbogbo àdúgbò ló ti sùn.
Ó ku èmi àti ìwọ.

Mo fẹ̀yìn lélẹ̀, èémí há mi láyà.
Mo yí sọ́tùn-ún, o tàpá.
Mo dìde jókòó, oorun dé,
mo tún dùbúlẹ̀, ó ti lọ.
Oorun ti di onígbèsè sí mi lọ́rùn:
bí mo bá jókòó dè é, á yọjú lójú fèrèsé,
bí mo bá nawọ́ sí i, á fẹsẹ̀ fẹ́ ẹ.

Bẹ́ẹ̀ èmi yìí nìjì ṣí páànù lé lórí
nílé bàbá mi ní Ìgbàrà-Odò,
tí òjò ń pa mí lẹ́sẹ̀ títí ilẹ̀ fi mọ́,
tí mi ò mọ nǹkan kan.
Báyìí, eku rìn lájà, mo mọ ibi tó ń lọ.

Ìyá bàbá rẹ ló gúnyán lálẹ́.
Ó ní ọmọ Èkìtì kì í febi sùn,
áńbọ̀sìbọ́sí ẹni tó ń jẹun fún méjì.
Mo jẹ ẹ́. Ó dùn. Mo tún bù sí i.
Ìgbà tó dòru ni ìwọ náà gbé odó tìrẹ kalẹ̀,
gbì, gbì, gbì, lábẹ́ ìhà mi.
Ta lo ń gún un fún?
Àyà ń ta mí bí ẹni gbé odidi ata mì,
pajápajá gbá ẹran ẹsẹ̀ mi mú,
ó fẹ́ fi ṣe okùn.
Lẹ́yìn náà, ìtọ̀. Kò tó ìdajì ife.
Àtẹ̀gùn mẹ́sàn-án ló wà nílé yìí,
mo ti kà á lẹ́ẹ̀mẹrin.

Nọ́ọ̀sì Ògúnlàdé sọ fún wa lórí bẹ́ǹṣì:
“Ẹ̀gbẹ́ òsì ni kẹ́ ẹ fi lélẹ̀.
Ẹ fi ìrọ̀rí há orúnkún, ẹ fi òmíràn gbé ikùn.
Ẹ jẹun kí ilẹ̀ tó ṣú.”
Ẹnì kan bi í pé ìrọ̀rí mélòó lápapọ̀.
Ó rẹ́rìn-ín, ó ní iye tí apá ọkọ yín bá ká.
Méjì la ní. Adélúsì gbé ọ̀kan
nígbà tó ń kó pákó lọ Ìlọrin.
Èyí tó kù pẹlẹbẹ bí àkàrà tí kò wú.

Ìgbà karùn-ún tí mo máa dìde,
ìmọ́lẹ̀ àtùpà ló kọ́kọ́ wọlé,
ìyá wá tẹ̀lé e.
Ọ̀já kan ló gbé lọ́wọ́,
aró rẹ̀ ti ṣí, etí rẹ̀ ti já.
“Òun ni mo fi pọn Adélúsì lọ oko kòkó,
ọdún méjì gbáko. Ẹlẹ́kún ọmọ.”
Ó ká a, ó tún un ká,
ó ní kí n dojú kọ ògiri, kí n fi òsì lélẹ̀,
ó wá tì í sábẹ́ ikùn mi níbi tí o ti wúwo jù,
bí ẹni fi òkúta wọ́ táyà mọ́tò lórí òkè.
Ó tú ìró ìdí rẹ̀, ó fi há mi lórúnkún.
Ó jókòó tì mí lẹ́sẹ̀,
àtàǹpàkò rẹ̀ le bí èèpo igi,
ó wá pajápajá rí, ó tú u ní kókó kọ̀ọ̀kan.
“Iyán yẹn,” ó ní, “ọ̀sán la ó máa jẹ ẹ́.”

Mo fẹ́ bi í, ta ló ká ọ̀já sábẹ́ tirẹ̀
nígbà tó lóyún bàbá rẹ?
Kó tó débi ètè mi
ó ti ń hanrun, orí rẹ̀ lé ògiri.

Odó rẹ dákẹ́.
Ṣé ìwọ náà ń gbọ́ ọ ni?
Aṣọ tó gbé bàbá rẹ lẹ́yìn
ló ń gbé ọ níwájú yìí, tí a ò tíì rójú rẹ.
Àkùkọ kan ń na ọrùn nísàlẹ̀ òkè,
mo mọ̀ ọ́n, ti ilé Bàbá Ọ̀ṣọ́ ni.
Bó bá fẹ́ kọ,
kó kọ.