Igun Fírémù

Èmi ni mo kan fírémù gbogbo tó wà níbẹ̀,
mẹ́tàdínlógún, igi apá, mo fi sánpépà ha á títí ó fi pọ́n.
Láti Òkè-Àdó dé Jẹ́ríkò,
ẹ̀ẹ̀mẹta ni Máíkírà lọ, ẹ̀ẹ̀mẹta ló bọ̀.
Owó iṣẹ́ mi ṣì kù lọ́wọ́ wọn,
ṣùgbọ́n wọ́n ní kí n wá lálẹ́ Sátidé.
Mo wẹ̀, mo wọ bùbá,
mo dúró lára ògiri bí ẹni tí wọ́n fi ìṣó kọ́.

Wíwo àwòrán ní òfin, n kò mọ̀.
Èèyàn kì í kàn wò ó.
O ó kọ́kọ́ gba ife, ife náà kò gbọdọ̀ tán.
O ó rìn súnmọ́ ọn, o ó sì fà sẹ́yìn lẹ́ẹ̀kan náà
bí onígbèsè tó já lu olówó.
Orí á fì sápá kan.
"Hùn-ùn."
Ẹyọ kan. Má fi kún un.
Ẹni tó bá ní "ó dára" ti jẹ́wọ́ pé òun kò kàwé.

Dókítà Ládèjọbí sọ̀rọ̀, ọ̀rọ̀ náà gùn bí ìlà ilé epo:
ó ní pupa inú rẹ̀ ń bá òfìfo jà.
Pupa wo?
Igi mi ló nàka sí.

Abilékọ Fáníyì kẹ̀yìn sí àwòrán, ó na fóònù sókè,
ó rẹ́rìn-ín sí ojú ara rẹ̀, ó ní ìmọ́lẹ̀ kò ṣojú òun re.
Lọ́yà kan ń béèrè iye owó
pẹ̀lú ohùn ẹni tó ń béèrè ilé ìgbọ̀nsẹ̀.
Wọ́n lẹ bébà pupa róbótó mọ́ ọn, ó ti lọ nìyẹn.
Ìgbà yẹn ni gbogbo èèyàn wá rí i pé ó lẹ́wà.
Alága dúpẹ́ lọ́wọ́ báńkì, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ olómi inú ọ̀rá.
Orúkọ Mosúnmọ́lá tó ya àwòrán, ó ṣì í pè.

Kò sẹ́ni tó bi mí, ṣùgbọ́n n ó sọ ohun tó wà nínú èyí tó tóbi jù:
àwọn èèyàn ni, nínú yàrá bí èyí,
ife lọ́wọ́, ọrùn wíwọ́,
ẹnìkan ń wo bàtà ẹlòmíràn.
Lẹ́yìn wọn, àwòrán kékeré kan dá wà lára ògiri
bí ọmọ tí wọ́n gbàgbé sílé ìwé.
Fìlà Dókítà wà níbẹ̀, bó ṣe ń gẹ̀ ẹ́ sósì gan-an.
Òun fúnra rẹ̀ dúró níwájú rẹ̀, ó bú sẹ́rìn-ín:
"Àwọn ará Èkó nìyí! Mo mọ irú wọn."
Èmi náà rẹ́rìn-ín, ikùn dùn mí.
Nídìí ìlẹ̀kùn, lórí àga oníke,
Mosúnmọ́lá ń wò wá, pẹ́ńsù rẹ̀ ń rìn.

Wọ́n lọ tán. Iná lọ pẹ̀lú wọn.
Mo fi tọ́ọ̀ṣì fóònù wo àwòrán náà kí n tó tilẹ̀kùn.
Nísàlẹ̀, lápá ọ̀tún, ọkùnrin kan bẹ̀rẹ̀,
ṣòkòtò iṣẹ́ mi tó ya lórúnkún ló wọ̀,
rúlà wà lápò ẹ̀yìn.
Kò wo àwòrán.
Imú rẹ̀ kan igi, ó ń yẹ igun wò.

Ọwọ́ èmi yìí ló gbé e wọlé.

Mo dúró, mo ní n ó wò ó bí àwòrán lẹ́ẹ̀kan péré.
Mo kà dé ogún.
Nígbà tí n ó fi mọ̀, àtàǹpàkò mi ti dé igun fírémù,
ó ń wá àlàfo.
Kò sí. Ó dọ́gba.