Ẹ̀fọn Inú Fánísì

Ní Kuhmo, ilé ooru kì í ṣófo lọ́jọ́ Sátidé.
Ilpo ti la igi eléèpo funfun láti òwúrọ̀,
ó so táwẹ́ẹ̀lì mọ́ ìdí, ó ń bọ̀ wá wẹ̀,
ó ṣílẹ̀kùn,
ó bá awẹ́ ike mẹ́rin tí wọ́n jókòó lórí pèpéle bí àlejò.
"Raili! Ta ló ni ìwọ̀nyí?"
"Èmi ni. Pa ilẹ̀kùn dé, atẹ́gùn ń wọlé."

Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ló fi se oúnjẹ fáwọn ọmọ ilé-ìwé.
Lọ́jọ́ tó fẹ̀yìntì, wọ́n fún un ní aago ògiri.
Ó ta aago. Ó fi owó kún un, ó ra alùpùpù
lọ́wọ́ ọmọ Urho tó ti gbé e ṣubú sí kòtò lẹ́ẹ̀mejì,
tí ara rẹ̀ kún fún àpá bí ẹni tó bá ológìnní jà.
Ó ní òun máa gùn ún dé òkun àríwá.
Ilpo ní wọn kì í ya wèrè nílé àwọn.

Ẹnikẹ́ni ò kọ́ ọ níṣẹ́. Ìka tó ti bó ọ̀kẹ́ àìmọye ànàmọ́
mọ bí a ṣe ń bó nǹkan láì gé e dénú.
Ó fi sanpépà olómi ha á, ó ha á,
omi inú garawa di búlúù, ó di eérú, ó di wàrà.
Ó di ojú, ó fi àtẹ́lẹwọ́ wò ó.
Níbi tí ọwọ́ bá ti kọsẹ̀, ibẹ̀ niṣẹ́ kù sí.

Ọ̀dà kò fẹ́ ọ̀rinrin, bẹ́ẹ̀ ni kò fẹ́ ọ̀dá;
òjò sì ń ṣẹ́ winniwinni lórí adágún láti Ọjọ́rú.
Ìyẹn ló gbé e dé ilé ooru:
ogójì ni kí ooru dúró sí,
bó bá ga jù, ike á tẹ̀ bí etí ajá.

Lábẹ́ òrùlé ìta ló ti ń fọ́n ọn, fẹ́ẹ́rẹ́fẹ́ẹ́rẹ́,
ọwọ́ ti ń lọ kí ọ̀dà tó dé, ọwọ́ ti kọjá kó tó tán.
Ẹni tó bá dúró pẹ́ lójú kan, ọ̀dà á sunkún sí i lọ́wọ́.
Pupa rúsúrúsú ni, àwọ̀ èso àbàtà
tí ìyá rẹ̀ máa ń já kún garawa,
tí kò sì sọ ibi tó ti ń já a fẹ́nìkan títí tó fi kú.

Ó wá ku fánísì. Aago méjìlá òru,
ilẹ̀ kò ṣú, ojú ọ̀run funfun bí ẹni tó gbàgbé oorun.
Ó ṣílẹ̀kùn fún ìṣẹ́jú kan péré kí òórùn lè jáde.
Ohun tó wọlé ni ẹ̀fọn.

Kì í ṣe ẹfọ̀n oníwo o, tí ọdẹ ń gun igi nítorí rẹ̀.
Ẹ̀fọn. Yànmùyánmú bíńtín, ẹlẹ́sẹ̀ òwú.
Ó bà sí àárín gbùngbùn awẹ́ tó dára jù,
ó gbé ẹsẹ̀ kan, kò ṣí. Ó gbé èkejì.
Ó ju ìyẹ́, ìyẹ́ náà lẹ̀.

Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ la fi ń pa àmúkùrù ẹsẹ̀ ẹni;
ti ara fánísì tútù ńkọ́?
Raili mú ẹmú kékeré tó fi ń tún irun ojú ṣe,
ó na ọwọ́, ọwọ́ ń gbọ̀n, ó fà á padà.
Ó bú u ní èébú tí ọmọ ilé-ìwé kankan ò gbọ́ lẹ́nu rẹ̀ rí.

Ilpo wọlé, kò tíì wẹ̀, ó ń rùn fún òógùn àti èéfín.
Ó bẹ̀rẹ̀, ó wo awẹ́ náà pẹ́.
"Bó bá gbẹ, a lè fi omi ha á. Pépà tó kúnná jù lọ."
"A" ló sọ. Raili gbọ́ ọ, kò yíjú.
"Òkun àríwá yẹn, ṣé ó jìn?"
"Ó jìn."
"Ìjókòó ẹ̀yìn yẹn ńkọ́, ṣé ó le?"

Kò dá a lóhùn. Ẹ̀fọn ti dákẹ́.
Ó wo ìwọ̀n ooru: ogójì, ó dín díẹ̀.
Ó fi igi kan sí i.